Ibùdó Wa Létí Adágún Olókùúta

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23-7-1949

Ìròyìn ayọ̀. Fèrè wá kí wa nílé lónìí. (Mísì Herbert ni, ọ̀gá ilé-ìwé wa. Mo sọ wọ́n ní Fèrè nínú ìwé yìí nítorí fèrè ọlọ́pàá tí kì í kúrò lọ́rùn wọn, bí wọ́n tilẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.) Wọ́n ní iṣẹ́ ti parí ní Adágún Olókùúta, lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, níbi tí àwọn tó ń fọ́ òkúta ojú irin gbẹ́ kòtò ńlá sí láyé ọjọ́un, tí omi wá kún un. Ìlú ti sọ ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́. Wọ́n ti ro gbogbo etí omi, wọ́n kọ́ ilé ìdáná, wọ́n kan bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi, wọ́n gbẹ́ kànga. Ẹnikẹ́ni ló lè lọ síbẹ̀ lọ najú, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọmọbìnrin tiwa ni yóò kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀, títí ìsinmi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Èmi ni wọ́n sì fẹ́ kó kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́. Èmi. Nínú gbogbo àwa olùkọ́ ilé-ìwé náà, èmi nìkan ni ọmọ Ẹ̀pẹ́. Kí n tó mọ A-B-D ni mo ti mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ọdún mẹ́rin tí mo ti ṣe ìyàwó wá sí Abẹ́òkúta, omi garawa ni mò ń rí. Odò Ògùn ò kúkú jìnnà, ṣùgbọ́n a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé wa.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí ojú fi ń tì wọ́n. Ó yẹ kí ojú ti èmi náà. Kò tì mí.

Ọjọ́ Ìsinmi, 24-7

Mi ò tíì sọ fún Màmá tí Eyínfúnjowó fi ti gbọ́.

Eyínfúnjowó ni àbúrò ọkọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ ìkómọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbọdọ̀ pè é, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí. Ó ti wà láyé kí n tó wọlé, nítorí náà ọkọ mi ni, kékeré tó wù kó jẹ́. Ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ọjọ́ tí mo dé, ó yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo rí eyín rẹ̀ — orúkọ wá fúnra rẹ̀. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín sí mi lọ́jọ́ náà. Mi ò gbàgbé.

Ó ti ń bẹ̀ mí láti àárọ̀ pé kí n bá òun sọ fún Màmá kí òun lè lọ. A dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, a jẹun tán, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Màmá ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Aránṣọ ni wọ́n. Yàrá iwájú ni ẹ̀rọ wọn wà, ariwo ẹ̀rọ náà la fi ń mọ bí inú wọn ṣe rí. Wọ́n ní, "Omi?" Wọ́n kó àwo, wọ́n wọlé. Lónìí tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi, tí wọn kì í fọwọ́ kan iṣẹ́, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ń dún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26-7

Rárá ni wọ́n sọ. Èmi lè lọ, iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n pe tèmi. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn kò lọ síbi kankan.

Inú bí mi, mo gbá ilẹ̀kùn yàrá mi — díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí Ará Lọ́ńdọ̀n sọ fún mi kó tó wọkọ̀ òkun. (Bándélé ọkọ mi ni. Ó ń kọ́ ìwé òfin lọ́hùn-ún. Nínú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń fi "ó" pè é. Màmá kò gbọdọ̀ gbọ́.) Ó ní ọmọbìnrin kan wà láàárín òun àti Eyínfúnjowó. Ọmọ náà lọ fọṣọ lódò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àkókò tí Ògùn kún. Àwọn ẹgbẹ́ padà wálé. Òun kò padà. Wọ́n rí i nísàlẹ̀ odò, wọ́n sin ín, wọn ò jẹ́ kí Màmá mọ ojú oórì, nítorí òbí kì í fojú rí oórì ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ náà nínú ilé yìí mọ́. Bándélé pàápàá kò dárúkọ rẹ̀ fún mi. "Àbúrò mi kan" ló pè é.

Inú tó ń bí mi kúrò. Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn náà padà jẹ́ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 28-7

Ẹ̀rọ ń dún. 

Ọjọ́ Ẹtì, 29-7

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó ń lọ.

Èmi kọ́ ni mo bẹ̀bẹ̀ dé ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó jókòó ti Màmá nídìí ẹ̀rọ, ó ń bá wọn tú òwú, ó wá sọ pé bí òun bá mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, Màmá kò ní máa jí wò ó lórí ẹní mọ́ nígbàkigbà tí òjò bá ń rọ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń jí wò ó. Àwọn náà ò mọ̀ pé ọmọ náà mọ̀.

Wọ́n pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Ṣìmí aláró kan wà lórí ẹ̀rọ, tó nípọn, wọ́n rán gbogbo etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni. Mo rò pé ọ̀kan ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ó tóbi ju èyí lọ. Tèmi.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, bí o ṣe mú un lọ ni kí o ṣe mú un bọ̀. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í lé. Mi ò fi í lé Mísì lọ́wọ́."

Mo ní, "Mo gbọ́, mà." Orúnkún mi ṣì ń dùn mí báyìí, nítorí n kò mọ ìgbà tó yẹ kí n dìde.

Ọjọ́ Ajé, 1-8

A ti dé o. Lọ́rì kan gbé wa, àwa àti ìkòkò àti ẹní àti àpò gàrí. Àwọn ọmọ kọrin títí ohùn wọn fi há.

Jẹ́ kí n kọ ibí yìí sílẹ̀ dáadáa kí n má baà gbàgbé. Adágún náà gùn, ó rí róbótó ní ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa, àpáta sì yí i ká ní òdìkejì. Etí omi ní ọ̀nà ibùdó kò jìn, iyanrìn ni. Èèyàn lè rìn wọ inú rẹ̀ títí omi á fi dé àyà. Láti ibẹ̀ lọ, ó jìn. Ní apá òsì, níbi tí wọ́n ti mọ ògiri dí omi, ojú kan wà tí omi ti ń ya kúrò, tó ń dà sórí òkúta nísàlẹ̀. A ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti inú àgọ́. Wọ́n ta okùn gba ojú omi kọjá, wọ́n so agolo òfìfo mọ́ ọn kó lè léfòó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá okùn náà.

Àgọ́ wa jẹ́ ti táápólì àwọn ṣọ́jà. Òórùn ilé ìtọ́jú ẹrù ṣì wà lára rẹ̀. Ilé ìdáná ní páànù lórí. Ṣálángá méjì, wọ́n ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì ní ìkọ́ nínú. Mo fẹ́ kí ẹni tó ronú kan ìkọ́ yẹn dàgbà, kó dogbó. Bàbá Láwàlì ni wọ́n fi ṣọ́ ibẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n, oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n kí wa káàbọ̀ tán, wọ́n wá ní kí àwọn ọmọ wa má fi ariwo lé ẹja àwọn lọ. Àwọn ọmọ dáhùn pé àwọn gbọ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹja ti lọ nìyẹn.

Ọjọ́rú, 3-8

Mo wọ omi.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́. Mo wọ omi, mo na ara mi lé e lórí, mo dijú, mo sì di ọmọ Ẹ̀pẹ́ padà. Àwọn ọmọ ń wò mí bí ẹni ń wo idán. Ọlọ́run, ẹ ṣé.

Òfin ibùdó tí èmi àti Fèrè jọ gbé kalẹ̀: kò sí ẹni tó gbọdọ̀ dá nìkan wọ omi, méjì-méjì ni. Bí Fèrè bá fọn fèrè, kí kálukú dúró. N óò wá máa pe orúkọ wọn. Ẹni tí mo bá pè kọ́ ni yóò dáhùn, ẹnì kejì rẹ̀ ni yóò wò ó, yóò sì dáhùn pé, "Mo rí i." Nítorí ẹni tó bá ń rì kò lè dáhùn fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ń fi ṣeré níbi oúnjẹ pàápàá. "Bùsírátù ńkọ́?" "Mo rí i, ó ń bu ẹ̀wà kejì."

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọkọ mi kékeré, mo pe "Eyínfúnjowó." Gbogbo etí omi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n nílé-ìwé láti kékeré, orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n mọ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ibi gbogbo, láti ẹ̀yìn igi, láti inú ṣálángá. Kò rẹ́rìn-ín lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 4-8

Ó tọ̀ mí wá nídìí kànga. Ó bẹ̀ mí, kí n jọ̀wọ́ pe òun ní orúkọ òun bí mo ṣe ń pe àwọn yòókù. Mo ní, "Ọkọ mi, èmi kẹ̀? Ẹnu mi á wó." Ó ní Màmá ò sí níbí. Mo ní Màmá ò sí níbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi wà níbí.

Fèrè dá sí i. Wọ́n ní mo kàwé, mo jẹ́ olùkọ́, kí ni mo ń bẹ̀rù. Mi ò lè ṣàlàyé fún wọn, wọn kò tíì lọ́kọ. Kì í ṣe ẹ̀rù. Mo wọ ilé àwọn èèyàn yìí láìmú nǹkan kan dání ju ọ̀wọ̀ lọ, òun náà ni mo ní lónìí. Mo gbìyànjú orúkọ náà nínú àgọ́ lémi nìkan. Ó dé eyín mi, ó padà.

A wá fẹnu kò báyìí: n kò ní pè é rárá. Bó bá kan òun, n óò wo ojú rẹ̀, yóò wo ojú mi, n óò kọjá lọ sí ẹlòmíràn. Inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi náà dùn. Èmi tí mò ń wò ó láti òwúrọ̀ dalẹ́, ta ni yóò tún bá mi wò ó?

Ọjọ́ Ìsinmi, 7-8

Òjò winniwinni. A ṣe ìsìn nínú ilé ìdáná, èéfín ń ta wá lójú, ẹni tó bá rí wa á rò pé ìwàásù Fèrè ló pa wá lẹ́kún. Bàbá Láwàlì fún wa ní ẹja. Wọ́n ní àwọn tún rí díẹ̀ tó dití.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9-8

Eyínfúnjowó léfòó. Òun nìkan. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí omi, ó ń wo ojú ọ̀run, kò mọ̀ pé mo ti yọwọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13-8

Ọjọ́ àbẹ̀wò. Àwọn òbí kún inú lọ́rì dé. Baba Bùsírátù, oníṣòwò aṣọ ní Ìtòkú, wọ agbádá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun ò mọ̀ pé irú ibi báyìí wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, òun á máa wá najú lọ́jọ́ tí ọjà kò bá sí. Àwọn ará Ọ̀dẹ̀dá náà wá, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n jẹun, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ wa bí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹni ẹlẹ́ni ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Inú mi dùn gan-an.

Màmá kò wá. Wọ́n fi búrẹ́dì àti àkàrà ránṣẹ́, wọ́n sì ní kí n wo ojú rírán ṣìmí bóyá ó ti ń tú. Kò tú o. Ṣìmí yẹn lè gbé mi la òkun já dé ọ̀dọ̀ Bándélé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16-8

Ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ dé ìdí okùn, ó ń padà. Ó ti ju gbogbo wọn lọ. Ó ní kí n kọ̀wé sí Màmá pé kí wọ́n wá wo òun ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, kí n sì kọ ọ́ kó dùn. Mo kọ ọ́. Ó dùn.

Ọjọ́ Ìsinmi, 21-8

Mi ò lè kọ nǹkan kan lánàá.  Jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí, bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìgbè sẹ́yìn ara mi.

A wà nínú omi lówùúrọ̀ àná. Ojú ọjọ́ ṣú, òjò winniwinni. Fèrè fọn fèrè pé ó tó, mo bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ. "Mo rí i, mo rí i," wọ́n ń dáhùn. Nígbà tó kan Eyínfúnjowó, mo gbójú sókè kí n wò ó bí ìṣe mi. Ìgbà yẹn gan-an ni lọ́rì dún lójú ọ̀nà. Mo yíjú. Màmá ni wọ́n ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n wọ bùbá tí wọ́n fi ń lọ sí àjọ̀dún. Inú mi dùn débi pé mo kọjá lọ sí orúkọ tó kàn. Bùsírátù, tí í ṣe ẹnì kejì rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Kí ló fẹ́ sọ? Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni mi ò ti bi í léèrè ẹnì kejì rẹ̀ mọ́. Mo ti sọ òun náà di odi. Gbogbo wọn jáde, wọ́n ń nu ara.

Màmá dé ọ̀dọ̀ mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn káàbọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi dà?"

Mo wò yíká. Kò sí níbẹ̀.

Bàbá Láwàlì ló na ọwọ́. Eyínfúnjowó wà ní ìkọjá okùn. Ó ti rí Màmá kí èmi tó rí wọn, ó sì fẹ́ kí wọ́n wo òun dáadáa, ó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ibi àpáta, orí nínú omi, apá ń lọ, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n kò lọ sí ibi àpáta. Omi ti ń yí i sí apá òsì díẹ̀díẹ̀, síbi tí omi ti ń ya kúrò, òun kò sì mọ̀.

Fèrè fọn fèrè. Àpáta gba ohùn náà, ó dá a padà láti ibi gbogbo. Kò gbọ́, tàbí ó rò pé àwa tó kù ni fèrè náà ń pè. Mo kígbe, "Eyínfúnjowó!" Àwọn ọmọ bá mi kígbe orúkọ náà, gbogbo wọn. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ ni wọ́n ti fi ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn igi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ti kọ́ láti má dá wọn lóhùn.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni Màmá wà. Mo gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ rí látẹnu wọn. Wọ́n pe, "Péjú! Péjú!"

N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún mi ta ni wọ́n ń pè.

Èmi náà lanu. Ó jáde.

"Adérónkẹ́!"

Lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dúró nínú omi bí ẹni tí wọ́n fà ní aṣọ. Ó yíjú. Ó rí bí ògiri ti sún mọ́ ọn tó, ó rí mi tí mo ti wà nínú omi tèmi taṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi gbogbo ara lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ mi. A pàdé nídìí okùn. Mo gbá a mú. Ó ń sunkún, ó ń sọ ọ́ ṣáá pé, "Ẹ pe orúkọ mi. Ẹ̀yin lẹ pe orúkọ mi."

Adérónkẹ́. Mo ti kọ ọ́ báyìí. Ìwé kò jó.

Nígbà tí a jáde, mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn níwájú Màmá, omi ń kán lára mi. Mo bẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọ, mo bẹ̀bẹ̀ nítorí orúkọ, mi ò mọ èyí tí mo fi ṣáájú. Wọn ò wò mí. Wọ́n fi ìborùn wọn nu orí ọmọ, wọ́n nù ún títí. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n dojú kọ omi, títí lọ́rì fi fẹ́ padà. Wọn ò ní kó tẹ̀ lé àwọn, wọn ò ní kó dúró. Wọ́n wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 22-8

Fèrè ló ń pe orúkọ báyìí. Wọn ò bá mi wí. Ó ì bá sàn kí wọ́n bá mi wí. Wọ́n kàn ní kí n máa wo omi.

Mò ń wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ò sì wá láti ilé.

Ọjọ́rú, 24-8

Mo ti ronú ohun tí n óò sọ bí wọ́n bá ní kí n kó ẹrù mi padà sí Ẹ̀pẹ́ títí Bándélé yóò fi dé. Kò sí. Wọ́n ní kí n mú un bọ̀ bí mo ṣe mú un lọ, ẹ̀yìn sì ni mo kọ sí i. Síbẹ̀, ó wà láàyè. Ó jẹ ẹ̀wà méjì lónìí. Mo dúpẹ́, mò ń dúpẹ́, bí mo bá tilẹ̀ máa kó ẹrù, n óò máa dúpẹ́ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 25-8

Màmá dé.

Wọ́n gbé ẹní lérí, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Fèrè sáré pàdé wọn, wọ́n rò pé Màmá wá mú ọmọ lọ ni. Màmá ní àwọn wá sùn ni. Ṣebí ibi gbogbo ará ìlú ni. Wọ́n tẹ́ ẹní wọn sínú àgọ́ wa, wọ́n fọwọ́ pa táápólì wò, wọ́n ní ẹni tó rán an kò mọ iṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n ní kí n bá àwọn rìn dé etí omi. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì.  Wọ́n wá ní ọdún mẹ́rin ni mo ti wà nínú ilé àwọn, n kò sì bi àwọn rí nípa ọmọ àwọn tó lọ. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ni ẹ̀rù ń bà. Ẹ̀rù bà wọ́n títí wọ́n fi gba orúkọ ọmọ náà lẹ́nu àwọn, àwọn sì gbà bẹ́ẹ̀, àwọn rò pé bí àwọn ò bá pè é, yóò dín kù. Kò dín kù.

Wọ́n sọ nípa rẹ̀ fún mi. Adépéjú. Ó máa ń fi àjákù aṣọ ìdí ẹ̀rọ rán aṣọ fún ọmọláńgidi. Ó máa ń sùn pẹ̀lú ìdodo Màmá lọ́wọ́ títí ó fi dàgbà. Kò fẹ́ràn ilá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, èmi náà ń ṣe bákan náà. Wọ́n ní ó fẹ́ràn omi jù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́:

"Fọlákẹ́mi, ọmọ tí mo fi lé ọ lọ́wọ́, orúkọ ẹ̀ ni mi ò fi lé ọ lọ́wọ́. Ẹ̀bi tèmi ni. Máa pè é. Èmi tí mo bí i ni mo ní kí o máa pè é."

Wọn ò pe orúkọ mi rí. Ìyàwó ni mí látọjọ́ tí mo ti dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 26-8

Ìlúwẹ̀ẹ́ ìkẹyìn. Ọ̀la ni lọ́rì ń bọ̀ wá kó wa.

Oòrùn ràn lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ará Ọ̀dẹ̀dá díẹ̀ wà lábẹ́ igi. Bàbá Láwàlì ti so agolo tuntun mọ́ okùn, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kùn ún. Wọ́n ní fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ni, àwọn ò ṣe é fún wa. Mo ṣáà dúpẹ́.

Màmá bọ́ bàtà wọn. Wọ́n ká ìró dé orúnkún, wọ́n jókòó sórí òkúta kan ní etí omi, wọ́n ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́. Mo rí i pé wọ́n di etí òkúta náà mú gírí. Wọn ò yọ ẹsẹ̀.

Nígbà tó tó àkókò, Fèrè fọn fèrè, wọ́n wá bọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n fi í kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n ní kí n pe orúkọ. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn án, mo pe, "Adérónkẹ́." Bùsírátù kígbe, "Mo rí i," ó sì fà á lápá kí gbogbo wa lè mọ̀ pé òótọ́ ni. Eyín rẹ̀ yọ. Mo pè wọ́n tán.

Mo ti fẹ́ ní kí wọ́n jáde nígbà tí Màmá ní, "Ó ku ẹnì kan."

Fèrè wò mí. Mo wo Màmá. Wọ́n mi orí sí mi pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo pe, "Adépéjú."

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Adérónkẹ́ nìkan ló yíjú sí ìyá rẹ̀. Omi dákẹ́, a ń gbọ́ ibi tó ti ń dà sórí òkúta lọ́hùn-ún. Màmá tẹjú mọ́ àárín adágún, ẹsẹ̀ wọn nínú omi, wọ́n wò ó dáadáa bí òfin wa ṣe sọ.

Wọ́n dáhùn pé, "Mo rí i."

Mo ní kí àwọn ọmọ jáde nínú omi, kí wọ́n lọ jẹun.